Pákó Àtijọ́ ní Pálọ̀ Ìbídàpọ̀

Bí ẹ bá dárúkọ olóògbé Solomon Ìbídàpọ̀ láàárín àwọn tó mọ̀ ọ́n ní Ifẹ̀, ọ̀rọ̀ tí wọ́n á kọ́kọ́ sọ ni ti ọjọ́ tó dọ̀bálẹ̀ nílé àwọn Láoyè ní Mọdákẹ́kẹ́ tí kò sì dìde bọ̀rọ̀. Àlhájì Láoyè ló kú. Ìbídàpọ̀ àti ìyàwó rẹ̀, Adérónkẹ́, lọ kí àwọn ọmọ rẹ̀. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan tí wọ́n fi pákó tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti ń gba àlejò. Bí Ìbídàpọ̀ ṣe gun òkè dé, tó wo ilẹ̀ yẹn, ó nà gbalaja síwájú àwọn ọmọ olóògbé. Wọ́n ní kó dìde, kò dìde. Wọ́n tún ní kó dìde, ó kàn yí etí rẹ̀ kejì mọ́lẹ̀ ni.

Ẹnu ya àwọn èèyàn. Ọkùnrin tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọ́fíìsì ní yunifásítì, tí orí rẹ̀ ti funfun, ló dọ̀bálẹ̀ fún àwọn tó fi ọjọ́ orí jù lọ yìí. Àbúrò olóògbé kan bú sẹ́kún. Ó ní òun ò mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun ní ọ̀rẹ́ tó fẹ́ràn rẹ̀ tó báyìí. Hàlímàt, àkọ́bí olóògbé, bẹ̀rẹ̀ láti fà á dìde, ìgbà náà ló gbọ́ ohun tó ń sọ mọ́ ilẹ̀.

"Ìrókò ni," Ìbídàpọ̀ ń wí jẹ́jẹ́. "Ìrókò gidi. Ìkán ò fọwọ́ kàn án rárá."

Adérónkẹ́ náà gbọ́ ọ. Ó rí i pé Hàlímàt náà gbọ́ ọ. Ó wù ú kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé bí ilẹ̀ yẹn bá lanu, ọkọ òun ni yóò kọ́kọ́ yọjú wo bí pákó rẹ̀ ṣe nípọn tó.

Wọ́n wọnú mọ́tò.

"Bàbá Dámi, òkú la wá kí," ni Adérónkẹ́ wí.

"Mo sì kí wọn. Ṣé o ò gbọ́ bí mo ṣe kí wọn ni?"

"Pákó lẹ kí."

"Ilé ni mo kí," ọkọ rẹ̀ dáhùn, ó sì ṣáná sí mọ́tò. "Tí mo bá kí ilé, mo ti kí pákó mọ́ ọn."

Ọmọ wọn obìnrin, Dámilọ́lá, ló fa gbogbo rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀ọ́mọ̀. Ó wálé lọ́dún kan láti Èkó, ó sì fi àwọn àwòrán ilé àwọn òyìnbó kan han bàbá rẹ̀ lórí fóònù. Ilé ńláńlá ni, ṣùgbọ́n pákó àtijọ́ ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ wọn, pákó tí wọ́n tú lára àká àti ilé ẹran tó ti wó. Ojú ìṣó ṣì wà lára wọn. Dámilọ́lá ní, "Daddy, farmhouse style ni wọ́n ń pè é. Òun ló wà lóde báyìí." Ìbídàpọ̀ wò ó títí iná fi tán lórí fóònù náà. Nígbà tó gbójú sókè, ó ti di ẹlòmíràn.

Ohun tó bọ́ sí àkókò tí kò dáa ni. Ilẹ̀ pálọ̀ wọn ti sán, síméńtì rẹ̀ ti ń ṣí, Adérónkẹ́ sì ti lọ yan táìsì funfun kan tí wọ́n á fi tẹ́ ẹ, tó ń dán bíi dígí. Ohun kan sì wà tí kì í fẹ́ sọ síta: inú abà lẹ́yìn Ìpetumodù ni wọ́n bí i sí, lórí ilẹ̀ amọ̀ tí ìyá rẹ̀ máa ń fọwọ́ pa ní ìdájí. Ó kàwé, ó di tíṣà, ó di ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, kí ó má bàa fẹsẹ̀ tẹ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́.

"Ìyà tí mo jẹ kí n tó kúrò lábà," ló wí, "ẹ tún fẹ́ lọ gbé abà wá bá mi ní pálọ̀."

"Abà òyìnbó ni."

"Abà ni abà ń jẹ́, Bàbá Dámi."

Ìbídàpọ̀ ò gbà. Ó ní táìsì kò mọ ẹnikẹ́ni rí, inú páálí ló ti wá. Ṣùgbọ́n pákó tó ti gbé inú ilé kan, tí wọ́n ti bímọ lórí rẹ̀, tí wọ́n ti jà lórí rẹ̀, tí wọ́n ti parí ìjà, òun lèèyàn lè pè ní ilẹ̀. Adérónkẹ́ bi í léèrè bóyá òun náà ò tíì jà tó lórí síméńtì.

Obìnrin kan wà ní Mọdákẹ́kẹ́ tó ń jẹ́ Àmínátù, tó máa ń ra pákó àti páànù lára ilé tí wọ́n bá wó. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Ìbídàpọ̀ di oníbàárà. Ẹni tó bá sì ti nájà rí mọ̀ pé èèyàn kì í yin ọjà lójú ọlọ́jà. Á bú u ni. Á ní ó ti gbó, á ní òun rí èyí tó dáa jù ú lọ́nà, á ṣe bí ẹni ń lọ. Ìbídàpọ̀ ò lè ṣe é. Bó bá ti rí pákó tó wù ú, ojú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dán.

"Àmínátù, níbo lo ti rí èyí? Ohun ọlá ni o. Ọba ló yẹ kó máa tẹ̀ ẹ́."

"Bàbá, ẹ sọ iye tẹ́ ẹ fẹ́ san."

"Iye tó o dá lé e yẹn ò tó o. Wo ara rẹ̀."

Nígbà tó yá, Àmínátù fúnra rẹ̀ bẹ̀ ẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ bá mi bú u díẹ̀. Àwọn èèyàn ń gbọ́, wọ́n á ní mo ń rẹ́ àgbàlagbà jẹ." Ìbídàpọ̀ yí pákó náà wò síwájú, ó yí i wò sẹ́yìn. Ó pẹ́ kó tó rí nǹkan sọ. "Ó gùn díẹ̀ jù," ló wí, ó sì fọwọ́ gbá pákó náà pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́ bí ẹni ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú.

Lọ́jọ́ tí Adérónkẹ́ bá a lọ, ó ní kó dákẹ́, kí òun bá a ná an. Ó gbọ́n ọjà, ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ. Ó ní pákó náà ti jẹrà, ó ní iná ló tọ́ sí, ó ní òun ò lè fi ṣe ilé adìyẹ. Àmínátù ti fẹ́ máa gbà. Àfi bí Ìbídàpọ̀ ṣe fa ìyàwó rẹ̀ lápá níwájú gbogbo ayé. "Adérónkẹ́, má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́," ló wí. "Kò ṣẹ̀ ọ́." Àwọn tó ń kó páànù rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi gbé ẹrù wọn kalẹ̀. Adérónkẹ́ lọ jókòó sínú mọ́tò, ó sì fi gíláàsì dúdú bojú.

Báyìí ni pákó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń rà o, kí n má purọ́ mọ́ òkú. Ó ń yàn án. Á fi ìka kàn án, á gbọ́ ohùn rẹ̀. Á gbóòórùn ìdí rẹ̀ bóyá omi ti wọ̀ ọ́. Á wá ihò kòkòrò, á gún un lọ́bẹ wò. Èyí tó bá sì yàn, kò ní jẹ́ kí káfíńtà kàn án mọ́lẹ̀. Àfi kó kọ́kọ́ dúró ti ògiri pálọ̀ fún oṣù bíi mélòó kan, kí afẹ́fẹ́ ilé náà mọ́ ọn lára. Ó ní bí wọ́n bá kàn án lọ́jọ́ tó dé, á wú, á sì ká. "Ìyàwó tuntun náà ńkọ́?" ló bi káfíńtà. "Ṣé ọjọ́ tó bá dé lẹ ó ní kó gúnyán?"

Ìgbà tí pákó dúró yí pálọ̀ ká yìí ló wá kan Adérónkẹ́ láti gba àlejò ìpàdé Ẹgbẹ́ Ìyá nínú ìjọ wọn. Àwọn ìyá ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn wọlé. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n kọrin, kò sí ẹni tó sọ nǹkan kan nípa pákó, èyí gan-an ló sì ń dun Adérónkẹ́, torí pé ó mọ̀ pé wọ́n á sọ ọ́ tí wọ́n bá délé. Bí Ìyá Ìjọ ṣe dìde láti súre, ìró rẹ̀ há sí ìṣó kan. Ìbídàpọ̀ sáré jáde láti yàrá. Gbogbo wọn ń yìn ín lọ́kàn pé ọkùnrin dáadáa ni.

"Ẹ rọra, ìyá wa," ló wí, ó sì kúnlẹ̀ tì í. "Ìṣó àtijọ́ ni. Kò sí irú ẹ̀ mọ́."

Ìṣó náà jáde láìtẹ̀. Ìró Ìyá Ìjọ ya.

Nígbà tí wọ́n wá tẹ́ ilẹ̀ náà tán, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ó dára ju bí ẹnikẹ́ni ti rò lọ. Àwọ̀ rẹ̀ ò dọ́gba. Òmíràn pọ́n, òmíràn dúdú, ó sì máa ń dún bí èèyàn bá ń rìn lórí rẹ̀. Ìrókò ilé Láoyè náà wà níbẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ Láoyè fẹ́ wó pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bàbá wọn láti kọ́ yàrá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, Hàlímàt ló ránṣẹ́ pe Ìbídàpọ̀. Ó ní ẹni tó dọ̀bálẹ̀ fún ilẹ̀ àwọn ló tọ́ sí. Hàlímàt fi ta á lọ́rẹ, òun fúnra rẹ̀ sì kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Ìlọrin láìrí ibi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí.

Bí àlejò bá ti wọlé báyìí, Ìbídàpọ̀ á mú un láti ẹnu ọ̀nà títí dé ojú fèrèsé, á máa sọ ìtàn pákó kọ̀ọ̀kan. Kò wò ó pé agbowó iná ni tàbí bíṣọ́ọ̀bù. Ó to pákó Ifẹ̀ àti pákó Mọdákẹ́kẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan. Ó ní ìlú méjèèjì ti bára wọn jà tó, kí pákó wọn máa sùn pọ̀. Adérónkẹ́ ní tirẹ̀, bí ọkọ rẹ̀ bá ti sún mọ́ ẹnu ọ̀nà báyìí, á bọ́ sí kíṣìnì, á máa fọ ìkòkò tó ti mọ́, kó má bàa gbọ́.

Ọjọ́ tí àwọn ará ilé ọkọ Dámilọ́lá wá mọ̀ wọ́n ni ohun tó ti ń bà á lẹ́rù ṣẹlẹ̀. Fisáyọ̀mi lorúkọ ọmọkùnrin náà. Ìjẹ̀bú ni wọ́n ti wá, èèyàn tó gbáfẹ́. Adérónkẹ́ ti bẹ ọkọ rẹ̀ láti ọjọ́ mélòó kan ṣáájú pé kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí pákó sinmi lọ́jọ́ náà. Ó gbà. Ó tilẹ̀ tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sí àárín. Gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa títí Fisáyọ̀mi àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi dọ̀bálẹ̀. Ilẹ̀ dún gìrì. Ìbídàpọ̀ wo àwọn ọ̀dọ́kùnrin wọ̀nyí tí wọ́n ti fi imú kanlẹ̀, ọkàn rẹ̀ ò sì lè gbà á mọ́.

"Ẹ má tíì dìde," ló wí. "Ṣé ẹ ń gbóòórùn rẹ̀?"

Àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó wo ara wọn láti ilẹ̀. Wọ́n rò pé ara àṣà Ifẹ̀ ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbóòórùn ilẹ̀.

Ẹ̀rín bú ní pálọ̀. Adérónkẹ́ rí ìyá ọkọ ọmọ rẹ̀ tó fi ọwọ́ bo ẹnu, kò sì mọ̀ bóyá ẹ̀rín rere ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sétí obìnrin náà.

"Ẹ má dá Bàbá Dámi lóhùn, ẹ̀gbọ́n," ló wí. "Wọ́n rò pé abà làwọn wà ni. Tó bá yá, a máa lẹ táìsì bo gbogbo rúdurùdu yìí mọ́lẹ̀."

Nígbà tó gbójú sókè, ọkọ rẹ̀ ló dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó wá pè wọ́n síbi oúnjẹ ni.

Ìbídàpọ̀ ò jiyàn. Ẹni tó lè bá ẹyẹ jiyàn lórí igi ni o. Ó ní oúnjẹ ti délẹ̀, ó sì ṣáájú wọn lọ. Láti ọjọ́ yẹn, kò mú àlejò kankan láti ẹnu ọ̀nà dé ojú fèrèsé mọ́ bí ìyàwó rẹ̀ bá wà nílé. Bí wọ́n bá bi í pé pákó wo nìyí, á ní, "Pákó ni." Ojú ti Adérónkẹ́. Ìtìjú ọjọ́ Láoyè àti ti ọ̀dọ̀ Àmínátù, ọkọ rẹ̀ ló fà á, ó sì máa ń lọ bí ilẹ̀ bá ti mọ́. Èyí, òun ló fi ẹnu ara rẹ̀ fà á, kò sì lọ. Ó ń wá ọjọ́ tó dáa láti bẹ̀ ẹ́. Lónìí, àlejò á wà. Lọ́la, ara rẹ̀ ò ní yá. Ọyẹ́ wá mú lọ́dún yẹn, ikọ́ mú Ìbídàpọ̀, wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé wálé.

Èèyàn pọ̀ nílé náà lẹ́yìn ìsìnkú. Wọ́n jókòó sórí ilẹ̀ tí Ìbídàpọ̀ tẹ́, wọ́n ń sọ ìtàn ọjọ́ tó dọ̀bálẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń nu ojú. Àmínátù náà wá. Ó ní òun ò tíì rí oníbàárà tó ń gbèjà ọjà lọ́wọ́ ọlọ́jà rí. Adérónkẹ́ bá wọn rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ, ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn kí ẹnikẹ́ni máa kí i pé ó ṣe aya rere. Dámilọ́lá jókòó tì í, ó ní, "Mummy, tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ táìsì yẹn, èmi àti Fisáyọ̀mi á bá yín ṣe é." Ìyá rẹ̀ yíjú sí àwọn àlejò.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni Hàlímàt Láoyè dé láti Ìlọrin. Òun náà ti dàgbà, ó ń fi ọ̀pá rìn. Ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó kí wọn, ó ṣàdúrà fún òkú. Lẹ́yìn náà, ó wo ilẹ̀ títí, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Wọ́n ti wó ilé wa pátá," ló wí. "Èyí tó kù wà níbí. Èwo ni tiwa, Ìyá Dámi?"

Dámilọ́lá wo ìyá rẹ̀. "Daddy nìkan ló mọ̀ ọ́n," ló rọra wí.

Ojú ti Adérónkẹ́ bí ojú kò ṣe tì í rí. Ilẹ̀ tó ń gbá lójoojúmọ́ ni. Ó wù ú láti na ìka sí èyíkéyìí, kó ní òun nìyẹn, ta ni yóò mọ̀? Ṣùgbọ́n obìnrin yìí ń wò ó bí ẹni tó wá bẹ ilé bàbá rẹ̀ wò.

"Ẹ má bínú, Àlhájà," ló wí. "Mo máa ń sá lọ sí kíṣìnì tí wọ́n bá ń sọ ọ́. Ó máa ń tì mí lójú. Mi ò mọ̀ ọ́n."

"Kò burú," ni Hàlímàt wí. "Ohun tó lọ ti lọ." Ó sì gbé ọ̀pá rẹ̀.

"Ẹ dúró ná."

Adérónkẹ́ dìde. Kò mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Ó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà, níbi tí ọkọ rẹ̀ máa ń dúró, ó sì wolẹ̀.

"Èyí," ló wí, "ilé Adéagbo ni, lẹ́yìn Ẹnuwá. Télọ̀ ni bàbá wọn. Ihò ibi tí ẹsẹ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ ń jókòó sí ni ẹ ń wò yẹn." Ó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. "Èyí ti Mọdákẹ́kẹ́ ni. Iná jó o létí nígbà ìjà. Bàbá Dámi ò jẹ́ kí káfíńtà fá a, wọ́n ní ojú ọgbẹ́ ni, a kì í fá ojú ọgbẹ́." Ó tún gbé ẹsẹ̀. Ó ń ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu. Àwọn ọ̀rọ̀ náà ń wá lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń tò wọ́n gan-an, títí kan ibi tó ti máa ń dúró kí àlejò rẹ́rìn-ín. Ní ibì kan, ó gbàgbé, ó sì fi irọ́ tirẹ̀ dí i. Ó ní ìyá arúgbó kan bí ìbejì sórí èyí. Kò sí ẹni tó já a níyàn.

Nígbà tó dé ojú fèrèsé, ó dúró.

"Àwọn mẹ́rin yìí ni tiyín, Àlhájà. Ẹ wo ibi tó fi dán. Ẹ̀yin lẹ sọ fún Bàbá Dámi pé ibẹ̀ ni bàbá yín máa ń jókòó sí kéwú. Wọ́n ní kí káfíńtà tẹ́ ẹ síbi tí oòrùn àárọ̀ á máa bá a."

Hàlímàt fi ọ̀pá rẹ̀ lélẹ̀, ó rọra jókòó sórí àwọn pákó náà, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ pa wọ́n lára.

"Mummy," ni Dámilọ́lá wí, "ẹ mọ gbogbo ẹ̀."

"Bàbá ẹ máa ń pariwo jù," ni Adérónkẹ́ dáhùn. "Ìkòkò wo ló lè bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀?"

Ó jókòó ti Hàlímàt lórí ilẹ̀, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n bá òun gbé àwọn àga yẹn kúrò, torí pé ó ṣì ku ìtàn àwọn pákó tó wà lábẹ́ wọn.